Ìdíje Àwọn Yunifásítì àti Owó Ìkẹjà

Ẹni tí ó bá dé Ìkẹjà yóò rí ohun mẹ́ta tí wọn kò jìnnà sí ara wọn. Èkíní ni ọ̀wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n wà ní Ọ̀nà Ọba Akran, ní Agídíngbì àti ní Ọgbà. Èkejì ni Aláùsá, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe ibùjókòó. Ẹ̀kẹta ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwòsàn ńlá ìpínlẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ ń pa owó, ìjọba ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀, yunifásítì sì ń retí ìpín tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí owó náà ń gbà láti ilé-iṣẹ́ dé iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tààrà rárá, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àwọn yunifásítì ń bá ara wọn jà sí lójú ọ̀nà náà kì í ṣe ohun kan náà láti ìran dé ìran.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbòde nígbàkígbà tí a bá ń sọ nípa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ìdíje. Àwọn olóṣèlú ń sọ ọ́, àwọn olùkọ́ ń sọ ọ́, àwọn òbí pàápàá ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó yé gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní yunifásítì gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje. Wọ́n ní èyí tí kò bá lè díje, kí ó kógbá sílé. Ẹni tí ó bá mọ eré ìje mọ̀ pé ohun méjì ni kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí níbẹ̀. Orí ìlà kan náà ni gbogbo àwọn tí ń sáré ti ń gbéra, ibì kan náà ni wọ́n sì ń sáré lọ. Bí ẹnì kan bá gbéra láti Agége tí ẹnì kejì gbéra láti Ìkòròdú, tí ọ̀kan ń lọ sí Àgbádárìgì tí èkejì ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò sí ẹni tí yóò pe ìyẹn ní eré ìje. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ọ̀rọ̀ yìí ni pé ta ni ó fa ìlà, ta ni ó sì ri òpó òpin mọ́lẹ̀? Kò ì tíì sí ìgbà kan ní ilẹ̀ yìí tí ó jẹ́ pé àwọn yunifásítì fúnra wọn ni wọ́n fa ìlà náà. Èrò ìṣèlú ni ó ń fà á, àti èrò nípa ọrọ̀ àti òwò, àwọn èrò wọ̀nyí sì ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ìwé kan wà tí ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1959 ni a yan ìgbìmọ̀ kan, tí Sir Eric Ashby jẹ́ alága rẹ̀, láti wádìí irú ẹ̀kọ́ gíga tí Nàìjíríà yóò nílò fún ogún ọdún tí ó wà níwájú. Àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí òmìnira ku ọjọ́ díẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Investment in Education. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè dúró díẹ̀ níwájú orúkọ yìí. Yorùbá a máa sọ pé ènìyàn kọ́ ọmọ, pé ó tọ́ ọmọ, pé ó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Wọn kì í sọ pé ènìyàn fi ọmọ dókòwò. Ìwé Ashby gbé èdè ọjà wọ inú ọ̀rọ̀ yunifásítì, kò sì fi bò rárá, nítorí ara èèpo ìwé ni ó kọ ọ́ sí. Frederick Harbison, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣírò iye àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀ gíga tí orílẹ̀-èdè yóò nílò, ìgbìmọ̀ náà sì rí i pé iye akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbọ́dọ̀ tó 7,500 ó kéré tán nígbà tí yóò bá fi di ọdún 1970.

Kò yẹ kí ènìyàn fi èyí bú wọn. Orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti oníṣègùn rẹ̀ kò tó nǹkan, kò lè ṣe kí ó má kà wọ́n. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé nínú òwò tí Ashby ń sọ, oníbàárà kan ṣoṣo ni ó wà, orílẹ̀-èdè sì ni oníbàárà náà. Kò sí ìdíje nínú ètò rẹ̀. Ó pín iṣẹ́ fún oníkálukú: Ìbàdàn ní tirẹ̀, Nsukka ní tirẹ̀, Àríwá ní tirẹ̀, Èkó ní tirẹ̀. Ó ní kí yunifásítì Èkó gbájú mọ́ ìmọ̀ ìṣòwò àti ọrọ̀-ajé, kí ó sì máa kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó ní kí ìgbìmọ̀ kan wà tí yóò máa pín owó láàrin wọn, kí wọ́n má baà máa ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe. Bí a bá ti tẹ̀ lé ìwé yìí tọkàntọkàn ni, ọ̀rọ̀ ìdíje kì bá tí ráyè wọlé.

A kò tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò gbà pé nítorí pé Ìbàdàn wà lórí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, agbègbè náà ti ní yunifásítì tirẹ̀. Ti Ìjọba Àpapọ̀ ni Ìbàdàn, kò sí lábẹ́ àṣẹ Ìwọ̀-Oòrùn, àyè inú rẹ̀ kò sì lè tó fún àwọn ọmọ tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 yóò tú jáde láìpẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá ọdún 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244. Ọgbà tí ó sì ti bẹ̀rẹ̀, ìlú Ìbàdàn ni ó wà, títí ó fi kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ìyẹn ni pé àwọn yunifásítì méjì tí a sọ pé wọ́n ń figagbága gbé ìlú kan náà fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń ná ọjà kan náà.

Níbo ni owó Ifẹ̀ ti wá? Ìdáhùn tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni kòkó. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tán. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà nígbà náà. Ìjọba tí ó jókòó ní Ìbàdàn rí i pé Èkó tí ó ní èbúté wà lọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀, ó sì la ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà, lẹ́yìn ààlà Èkó gẹ́lẹ́, lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfurufú àti ojú irin. Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ síbẹ̀ ní 1962, Cadbury tẹ̀ lé e ní 1965, àwọn mìíràn sì pọ̀. Owó-orí lórí èrè ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ àti owó-orí tí a ń yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sí Ìbàdàn. Ọgbọ́n ìṣèlú ni èyí, ọgbọ́n òwò sì ni pẹ̀lú: ẹni tí kò ní èbúté ni ó gbé ọjà rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ní in. Nígbà tí àwọn ìwé ìtàn bá ń ka àwọn tí wọ́n fi òógùn wọn kọ́ yunifásítì sí Ìwọ̀-Oòrùn, ó yẹ kí wọ́n máa rántí òṣìṣẹ́ Ìkẹjà lẹ́yìn àgbẹ̀ Oǹdó.

Irú ìdíje wo ni èyí bí? Ẹ̀ka tí ó dára jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí ni ó bí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n ti Yábàá wá, ń fúnni ní oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí títí di 1962. Nsukka ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 1960 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 220. Àwòṣe àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tí a dá sílẹ̀ lẹ́yìn òfin ọdún 1862 ni Nnamdi Azikiwe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan sì bá wọn fi ọwọ́ sí i. Nsukka gbà pé iṣẹ́ oníròyìn, ètò òwò àti iṣẹ́ ọ̀gbìn yẹ ní ohun tí a lè gba oyè lé lórí. Ó gba àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, nígbà tí Ìbàdàn ń béèrè ìdánwò gíga kí ó tó gba ènìyàn. Àwọn kan ní Ìbàdàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ náà kò pẹ́, nítorí Ìbàdàn pàápàá ní láti yí padà. Ìjà tí wọ́n ń jà nígbà náà, lórí ohun tí yunifásítì jẹ́ ni, àti lórí ẹni tí ó yẹ kí ó wọ inú rẹ̀. Àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn irú èyí jẹ lára èso rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé Adébóyè Babalọlá wà ní Èkó, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé wà ní Ìbàdàn, tí Wándé Abímbọ́lá sì wà ní Ifẹ̀, tí ilé kan kò fẹ́ kí ilé kejì nìkan ní ìmọ̀ Yorùbá, ẹ̀kọ́ èdè yìí kì bá tí yára di ohun tí a ń gba oyè lé lórí.

Ní 1967 a yọ Ìkẹjà kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, a fi kún Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ní 1976. Lẹ́yìn èyí, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn, ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀ ni ó sì ń ṣàn sí. Ìjọba ológun gba Ifẹ̀ ní 1975 pẹ̀lú àwọn yunifásítì agbègbè yòókù, ó sì fi òpin sí gbígba owó ẹ̀kọ́ nínú wọn. Nígbà tí ọ̀gá kan ṣoṣo ń bọ́ gbogbo wọn, ìdíje kú. Wọ́n di ọmọ bàbá kan tí wọ́n ń wo ọwọ́ bàbá. Ìwọ̀nba ohun tí ó ṣẹ́ kù tí a lè jà sí ni oúnjẹ àti ibùsùn: ní 1978, nígbà tí owó oúnjẹ òòjọ́ gòkè láti kọ́bọ̀ 50 sí náírà 1.50, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọ́n sí ìgboro, a sì yìnbọn pa Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó. Ọdún yẹn náà ni a dá JAMB sílẹ̀ láti máa ṣe ìdánwò kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni a ṣe òfin pé nínú àyè 100 ní yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀, 45 yóò wà fún ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí ilé-ẹ̀kọ́ náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn kò tíì gbòòrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ètò yìí àti ẹni tí ó kórìíra rẹ̀ yóò jọ gbà pé èrò ìṣèlú ni, kì í ṣe ti ọjà.

Òfin ilẹ̀ ti 1979 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti dá yunifásítì sílẹ̀. Ẹgbẹ́ UPN tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ ti ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo ìpele, gómìnà Látéèfù Jákàńdè sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́ ní 1983. Àwọn oníṣòwò àti àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣí yunifásítì tiwọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ológun fi òfin pa gbogbo wọn rẹ́ ní 1984. Ọdún 1993 ni òfin mìíràn tún fún wọn láyè, ọdún 1999 sì ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, Babcock ní Ìlíṣàn sì wà nínú wọn. Covenant tẹ̀ lé e ní Ọ̀tà ní 2002; ní 2016 yunifásítì Anchor gba àṣẹ ní apá Ìpájà, kò jìnnà sí Agége. Láàrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohun tí a kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ní 1984 di ohun tí a ń fi ìwé àṣẹ yìn. Ilẹ̀ kan náà ni, irú òbí kan náà ni. Èrò nípa ohun tí ìjọba lè gbé àti ohun tí ó yẹ kí ẹnìkọ̀ọ̀kan gbé ni ó yí padà. Nàìjíríà nìkan kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Ìgbà yẹn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ẹ̀kọ́, ní 1998.

Ibi tí èrò tuntun yìí ti fi ara hàn jù lọ ni Ìpínlẹ̀ Èkó, Aláùsá ni àṣẹ sì ti jáde. Ní 2011, lábẹ́ gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó kúrò ní náírà 25,000. Èyí tí ó kéré jù di 193,750. Ti ìmọ̀ ìṣègùn, tí a ń kọ́ ní Ìkẹjà gan-an, di 348,750. Èyí tí ó kéré jù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìlọ́po méje, ti ìṣègùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rìnlá. Náírà 18,000 lóṣù ni owó oṣù tí òfin ọdún náà ní kí a má san dín sí. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ọgbà tí ó ń gba iye yìí, bí kò bá jẹ tí kò mu, tí kò san owó ilé tí kò wọ mọ́tò, yóò ṣiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ oṣù mọ́kànlá kí ọmọ rẹ̀ tó kọ́ èdè Yorùbá fún ọdún kan, yóò sì ṣiṣẹ́ ju oṣù mọ́kàndínlógún lọ kí ọmọ náà tó fi ọdún kan kọ́ ìṣègùn.

Ó tọ́ kí a gbọ́ ti àwọn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Náírà 25,000 kò lè kọ́ oníṣègùn, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ó lè kọ́ ọ. Yunifásítì ìpínlẹ̀ kò ní ìpín nínú owó tí Ìjọba Àpapọ̀ fi ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ ní Àkọkà tàbí ní Ifẹ̀. Àwọn yunifásítì aládàáni ń gba owó tí ó ju èyí lọ fíìfíì, àwọn òbí sì ń san án. Láti inú èyí ni èrò náà ti wá: bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba iye tí ó tọ́, yóò tún ara rẹ̀ ṣe, yóò sì lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ díje.

Àṣìṣe tí ó wà nínú àlàyé yìí kò sí nínú ìṣirò. Ó wà nínú ohun tí a pè ní ẹgbẹ́. Ta ni ẹgbẹ́ yunifásítì Ọ̀jọ́? Ní ìlú kan náà ni Yunifásítì Èkó wà ní Àkọkà, Ìjọba Àpapọ̀ sì ti ní kò gbọdọ̀ gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ oyè àkọ́kọ́. Ọjà tí ìjọba ti sọ iye owó ọjà ìsọ̀ kan di òfo, tí ìjọba mìíràn wá sọ pé kí ìsọ̀ kejì gbé owó tirẹ̀ gòkè kí ó lè díje, kì í ṣe ọjà. Òṣìṣẹ́ Ọgbà kò kúrò ní Ọ̀jọ́ nítorí pé ó rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sàn jù ú lọ. Ó kúrò nítorí pé owó rẹ̀ kò tó, àyè tí ó wà ní Àkọkà kò sì gbà á. Ẹni tí ó bá rò pé oníbàárà ń fi ẹsẹ̀ dìbò lè wo ẹsẹ̀ wọ̀nyí dáadáa: ilé ni wọ́n ń lọ. Iye àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun já wálẹ̀ gidigidi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rìn lọ sí Aláùsá, wọ́n kọrin, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n tún rìn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni Fáṣọlá kéde pé owó náà padà sí 25,000. Ìdìbò gbogbogbòò ku oṣù díẹ̀. Àwọn kan sọ pé ìtìjú ìdìbò ni ó mú un padà, àwọn kan sọ pé àánú ni. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ọjà ni.

Ọmọ tí ó yẹ kí ó wọlé ní 2012 tí kò wọlé, ìkéde ọdún 2014 kò dá ọdún rẹ̀ padà. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni àríwísí gbọ́dọ̀ le díẹ̀. Bí ìjọba bá gbà pé ẹ̀kọ́ jẹ́ òwò, kò sí oníṣòwò tí yóò béèrè owó ńlá lọ́wọ́ oníbàárà láìronú ibi tí yóò ti yá a. Ètò àyálò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ojú rí kò dé títí di 2024, nígbà tí a tún òfin ọdún 2023 ṣe. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni àyálò náà sì wà fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní yunifásítì aládàáni ní Ìpájà kò lè yá kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ kanlékanlé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́. Láti 1993 ni òfin ti ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan san ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ fún ẹ̀kọ́. Ó di ìdá méjì àti ààbọ̀ ní 2021, ó di mẹ́ta ní 2023. Òfin owó-orí ti 2025 sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn láti 2026. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ń rí nínú owó yìí. Òfin ọdún 2011 tí ó dá TETFund sílẹ̀ ni ó yọ wọ́n kúrò, tí ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, ní ìwọ̀n méjì fún yunifásítì, ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ilé-iṣẹ́ ìpara tàbí ti ohun mímu ní Agídíngbì ń san owó yìí, kò sì ní ohùn nínú ibi tí ó ń lọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ. Yunifásítì tí ó wà ní Sókótó ní ẹ̀tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà ní Ọ̀jọ́. Èrò ìdọ́gba ni èyí, ó sì lẹ́wà. Àléébù rẹ̀ ni pé yunifásítì tuntun kọ̀ọ̀kan tí ìjọba bá dá sílẹ̀ di ọwọ́ kan sí i tí a lè nà sí inú abọ́. Ìdíje wá di ti iye ọwọ́.

Ní 2022, Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó ní yunifásítì kan di ẹni tí ó ní mẹ́ta. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ìpínlẹ̀ náà ní Ìkòròdú, tí a dá sílẹ̀ ní 1977 tí ó sì ti ní ọgbà ní Ìsọlọ̀, di Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni méjì parapọ̀ di Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́. A kò lè sọ pé nítorí abọ́ TETFund nìkan ni. Ìdí mìíràn wà tí ó ti pẹ́ ju TETFund lọ. Láti ìgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá ti 1934, tí àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú Èkó bínú sí nítorí pé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò ní iyì lẹ́yìn odi Nàìjíríà, ni a ti ń wo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bí ohun tí a fi ń tan ọmọ tálákà jẹ. Ìbínú náà tọ́ nígbà tí òyìnbó ń ṣèjọba. Ó di ohun mìíràn nígbà tí a gba ìjọba tán tí ẹni tí ó gba ìwé-ẹ̀rí HND kò lè gòkè lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba bí ẹni tí ó gba oyè yunifásítì. Ọmọ tí ó bá gbọ́n kò ní lọ sí ibi tí a ti fi àkàsọ̀ gígẹ́ sílẹ̀ fún un, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sì gbọ́n yóò pààrọ̀ orúkọ. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kò pààrọ̀ ohun tí ó nílò. Ẹni tí yóò tún ẹ̀rọ tí ó dákẹ́ ní agogo méjì òru ṣe ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń wá, kò sì bìkítà bóyá ẹni náà wọ aṣọ oyè pupa tàbí dúdú. Nígbà tí Dunlop dá iṣẹ́ táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, iná mànàmáná, owó ẹrù àti àwọn táyà òkè-òkun ni a ń dárúkọ. Àìsí yunifásítì kò sí níbẹ̀.

Òpó òpin tí ó kẹ́yìn, ẹ̀yìn odi ni a rì í mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan tí a ń pè ní Times Higher Education ń to àwọn yunifásítì ayé ní tẹ̀-lé-n-tẹ̀-lé lọ́dọọdún. Nínú ìtòsílẹ̀ wọn fún 2021, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà láàrin 501 sí 600, Ìbàdàn nìkan ni ó sì ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó fi Àkọkà àti Covenant sẹ́yìn. Ayọ̀ náà pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ó sì yẹ kí ó pọ̀. Yunifásítì kan náà tí a sọ ní 2011 pé kò lè díje bí kò bá gbé owó gòkè, tí ó padà sí 25,000, ni ó ta àwọn tí ń gba owó gọbọi yọ. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí a fi wọ̀n ọ́n. Nínú 100, ìdá 30 jẹ́ ti ìkọ́ni, 30 ti ìwádìí, 30 ti iye ìgbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí ìwé tí àwọn olùkọ́ kọ, 7.5 ti àjọṣe pẹ̀lú òkè-òkun. Owó tí yunifásítì ń rí nínú iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ gba 2.5 tí ó kù. A ti yí ìwọ̀n náà padà láti ìgbà náà, a sì ti sọ ìpín yìí di 4.

Láti 1973 ni ètò SIWES ti wà, èyí tí ó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ sí ilé-iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń rọ́ wá sí Ìkẹjà, láti Àkọkà, láti Yábàá, láti Ọ̀jọ́, láti Ìkòròdú, láti Ìláròó. Wọ́n ń lọ láti ẹnu géètì kan dé òmíràn ní Ọ̀nà Ọba Akran pẹ̀lú lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń bẹ ẹ̀ṣọ́ kí ó jẹ́ kí àwọn rí ẹni tí ó ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ẹni tí ó bá rí àyè yóò máa kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé kan tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yóò buwọ́ lù. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣí ẹ̀rọ kan náà, tí wọ́n jọ ń fọwọ́ kan epo, tí ọ̀kan wá láti yunifásítì tí ọ̀kan sì wá láti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, kò sí ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹni tí ó ń kọ́ wọn níṣẹ́ bí kò ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ìwé tí wọ́n ń kọ náà, bí olùkọ́ bá ti fún un ní máàkì tán, inú àpótí ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ni ó ń lọ.